Ẹni Kẹwàá Nídìí Tábìlì Póka

Kò sí kàsínò ní Ìgbájọ. Ará ìlú wa tó bá fẹ́ jókòó ta póka níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ dúdú àti táì pín káàdì, ọ̀nà Èkó ni yóò forí lé, ó sì ju kìlómítà 200 lọ. Ẹ lè ní kí ló wá kàn mí nínú rẹ̀. Èrò kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní èrò lórí póka, tí gbogbo rẹ̀ sì wọ́. Mo gbà tọkàntọkàn pé póka olówó kékeré ni tẹ́tẹ́ tó fọkàn balẹ̀ jù láyé, pé owó táṣẹ́rẹ́ tí kàsínò ń yọ níbẹ̀ kò tó nǹkan tí ọlọ́gbọ́n ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Èrò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àfi pé gbogbo ẹsẹ̀ náà ló yarọ.

Ohun tó kọ́kọ́ tàn mí jẹ, òótọ́ ni. Póka kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tẹ́tẹ́ tó kù. Ẹ wo two-sure tí àwọn ènìyàn wa ń ta lọ́dọ̀ Baba Ìjẹ̀bú: nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde nínú 90, kí méjì tí ènìyàn mú sì tó jọ wà nínú márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 400 ni. Bó bá jẹ, ₦240 ni wọ́n ń san lórí náírà kan. Ìyẹn ni pé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, nínú gbogbo ₦100 tí a bá kó fún wọn, nǹkan bí ₦40 kò ní padà wálé mọ́. Ruleti olójú 37 ṣàánú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ju nǹkan bí ₦2.70 tó ń mú nínú ₦100, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè ta sí i. Ní ti póka, ilé tẹ́tẹ́ kì í bá wa du ayò rárá. Àwa tí a jókòó là ń jẹ owó ara wa. Tábìlì, káàdì àti ẹni tó ń pín in nìkan ni kàsínò pèsè, yóò sì máa yọ díẹ̀ nínú owó àárín tábìlì. Réèkì ni wọ́n ń pe owó yìí. Lórí tábìlì kékeré ní Las Vegas, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì dúró bó bá ti tó bíi dọ́là márùn-ún. Bí ayò bá parí kí wọ́n tó ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sí àárín, ọ̀pọ̀ ilé kì í mú kọ́bọ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ọmọlúàbí ni wọ́n?

Mo fi réèkì wé owó alájọ, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Alájọ a máa gba owó lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, yóò kó ìyókù fún olówó. Ọjọ́ kan nínú 30 kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, n kò sì rí ìyálọ́jà tó ń bá a jà nítorí rẹ̀. Ojú mi fò ó pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni alájọ ń yọ tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí owó bá gba àárín tábìlì kọjá ni réèkì ń bù ú jẹ. Náírà tí wọ́n bù lọ́wọ́ mi, wọn yóò tún bù ú lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi, wọn yóò sì tún bù ú nígbà tí mo bá gbà á padà. Ká ní ènìyàn mẹ́sàn-án jókòó, tí kálukú mú ₦20,000 wá. ₦180,000 nìyẹn. Ká ní ₦500 ni ilé ń yọ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń yọ ọ́ nígbà 25 láàárín wákàtí kan. ₦12,500 ló ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá dìde, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi owó kún owó, kó tó pé wákàtí 15, gbogbo owó orí tábìlì yóò ti wọ àpótí ilé, ẹni kẹwàá tí kò mú káàdì kankan. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò máa wo ara wọn bí ẹni tí olè jà, bẹ́ẹ̀ olè kankan kò wọlé. Ìwé àṣẹ ìjọba ló wà lára ògiri.

Ó yẹ kí ojú ti ọmọ Ìgbájọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú ìṣirò yìí. Ìlú wa ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtìparapọ̀ dojú kọ wọ́n láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti 1877 títí di 1893 tí wọ́n tú àgọ́ ká, apá kan kò lè ṣẹ́gun èkejì. Bíi ti ilé tẹ́tẹ́ náà, ẹni tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láti Èkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun.

Èyí tó tún dùn mí nínú òmùgọ̀ mi ni pé mo gbà pé réèkì kò kàn mí. Lára owó ẹni tó jẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èmi, bí mo ti mọ ọgbọ́n orí mi mọ, mo ka ara mi mọ́ àwọn tí owó orí yẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Ìròrí ọ̀lẹ ni. Owó tí ènìyàn bá jẹ ló yẹ kó dí ihò èyí tó pàdánù. Bí wọ́n bá ti gé orí ìjẹ, tí ìpàdánù sì wà lódindi, ihò náà kò lè dí. Ẹ pín ₦12,500 yẹn sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: nǹkan bí ₦1,390 ni kálukú ń san ní wákàtí kan, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ fi ₦1,000 ju ti ẹgbẹ́ lọ ní wákàtí kan, adánù ni síbẹ̀. Ó gbọ́n jù wọ́n lọ, ó sì tún ń jẹ gbèsè.

Wàyí o, wọ́n á ní owó kékeré ni, kò lè pa ènìyàn. Kékeré yẹn gan-an ni àrùn rẹ̀. Nígbà tí réèkì bá ti ní ibi tó ń dúró, bí owó àárín bá jẹ́ 50 dọ́là, dọ́là márùn-ún tí wọ́n yọ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ 500, dọ́là márùn-ún kan náà kò ju ìdá kan lọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ tilẹ̀ sábà máa ń san owó ìjókòó ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, tí wọn kò ní fọwọ́ kan owó àárín wọn rárá. Ẹni tó sá wá sórí tábìlì kékeré torí pé ó ń bẹ̀rù ìpàdánù ló wá ń san owó tó wúwo jù.

Ẹlòmíràn yóò dárúkọ Chris Moneymaker, ará Amẹ́ríkà tó gba dọ́là 2,500,000 ní World Series of Poker ní 2003, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sì ń jẹ́ gan-an nìyẹn. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìdíje ni ìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń san owó lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan; àwọn 839 ló sì wọlé, ẹ bá mi dárúkọ ẹnì kan nínú 838 tó kù. Àwọn tó ní kí a lọ ta á lórí fóònù ń kọ́? Réèkì ibẹ̀ lè kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàdì ibẹ̀ yá ju ti ọwọ́ ènìyàn lọ, ayò tí wọ́n ń bù jẹ ní wákàtí kan sì pọ̀ sí i.

Èyí tí n kò lè já ní koro ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ìgbádùn lòun wá ṣe. Ẹni tó sanwó wo bọ́ọ̀lù kì í béèrè owó rẹ̀ padà bí Arsenal bá fìdí rẹmi. Bí ₦1,390 bá ra wákàtí kan tí ènìyàn fi ń rò, tó ń wo ojú ẹlẹ́gbẹ́, tó ń purọ́ tí kò sì dẹ́ṣẹ̀, aṣọ ẹbí ti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wa fún ìrẹsì àwo kan. Lójú mi, bẹ́ẹ̀ nìkan ni póka olówó kékeré fi yẹ ní títa: kí ènìyàn kọ owó náà sábẹ́ fàájì, kó má kọ ọ́ sábẹ́ òwò. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó mọ káàdì, tàbí ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, kò nílò ẹni kẹwàá rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ṣáà lọ, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: èló ni réèkì, ibo ló ń dúró, ìgbà mélòó ni wọ́n ń pín káàdì ní wákàtí kan. Ẹ fi iye ènìyàn pín in, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè san án láìjẹ rárá. Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ wọkọ̀ padà sílé.