Alájì, Ẹja Ló Mutí

Àwòrán kan ló kó bá mi. Takashi Amano, ayàwòrán ará Japan, ló gbin odindi igbó sínú àpótí ẹja kan ní Lisbon ní 2015, ọdún náà gan-an tó kú. Àpótí ọ̀hún gùn tó 40 mítà. Mo wò ó lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Rood Woko ní Ouagadougou, mo rántí àpótí gíláàsì tí mo ní nílé ní Tampouy, tí kò gùn tó tábìlì ọmọléèwé, mo ní èmi náà á ṣe tèmi. Ohun tó wọ̀ mí lójú jù ni koríko kúkúrú tó bo gbogbo ìsàlẹ̀ omi, tí ẹja ń rìn lórí rẹ̀ bí ọba lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyá mi kì í gbé fóònù sílẹ̀ láìwúre pé kí n lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ti ń kó owó ọjà wá ewéko tí kò ní lékè láéláé.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Cuba ni mo kọ́kọ́ yàn, Hemianthus callitrichoides lẹ́nu àwọn onímọ̀, tí ewé rẹ̀ kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á já a sí wẹ́wẹ́, á fi ẹ̀mú gún un sínú iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi tẹ́ ẹ lódindi, mo da omi garawa lé e. Kí n tó gbé garawa sílẹ̀, ó ti léfòó. Àdúrà ìyá mi gbà lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé ni mo tẹ́ sábẹ́, torí mo kà pé ewéko fẹ́ irin, irin sì pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó pẹ́ kí omi náà tó là. N ò rí ẹja, ẹja ò rí mi.

Wọ́n tún ní koríko yìí ò lè tàn láìsí afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú mínírà. Agolo rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà tálákà wà: ṣúgà, omi àti yíìsì nínú ike, kí rọ́bà tín-ín-rín máa gbé afẹ́fẹ́ tó bá jáde lọ sínú omi ẹja. Ó yẹ kí èèyàn fi àyè sílẹ̀ lókè ike. Mo rọ ọ́ dẹ́nu, mo ní bó bá ṣe pọ̀ tó ni koríko á ṣe yára tó. Oṣù kẹrin sì ni, ìgbà tí ooru Ouagadougou máa ń dé 40 lórí òṣùwọ̀n, ooru sì ni yíìsì ń fẹ́. Nígbà tí mo fi máa ti ọjà dé, ìfófòó ti gba inú rọ́bà wọ àpótí, omi ti di funfun, àwọn ẹja ń la ẹnu lókè omi, gbogbo pálọ̀ ń rùn fún dolo, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pọn ládùúgbò.

Ìgbà yẹn ni Alájì tó nilé yà wá kí wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọn ò sì tíì bí mi tó fi ń gbé ìlú yìí. Kí n tó kó ẹrù wọlé ló ti sọ ọ́ pé òun kì í gba ọ̀mùtí sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú.

“Ọmọ yìí, òórùn kí nìyí?”

“Ẹ má bínú, Alájì. Ẹja ni, sà.”

“Ẹja ló mutí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé yíìsì àti ṣúgà. Bí àlàyé náà ṣe ń gùn, èmi fúnra mi gbọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ti yó ni mò ń sọ. Ìyàwó mi tó yẹ kó jẹ́rìí mi ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì. Alájì ní ó dáa, òun á padà wá kí àwọn ẹja náà lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, bóyá ojú wọn á ti dá.

Ooru ló pa ìyókù Cuba. Fáànù tí mo kọ sí ojú omi mú un tutù dáadáa, torí afẹ́fẹ́ ibí gbẹ, omi tó bá sì ń fẹ́ lọ a máa gbé ooru dání. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ooru bá le jù ni iná ń lọ. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé náà ni, ìyàwó mi ò sì tíì gbàgbé.

Mo wá ewéko tó lágídí. Wọ́n ní kí n ra Anubias barteri, irú tó kúrú, tó yẹ iwájú àpótí. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí mi láti Paris. Owó ẹrù ju owó ọjà lọ. Ìgbà tó dé tán ni mo kà pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti ń hù, àti pé Charles Barter, òyìnbó tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bá ikọ̀ tí òyìnbó mìíràn, Baikie, ṣáájú wá sí Odò Ọya, ó sì kú sí Rabba ní 1859. Barter fi ẹ̀mí ṣòfò nídìí wíwá ewéko lọ́dọ̀ wa. Èmi sanwó bàálù kí ọ̀kan lè padà wá. Mo sì rì í mọ́lẹ̀ bí ebu iṣu. Orí òkúta ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá bo ìtàkùn rẹ̀ tó nípọn yẹn, jíjẹrà ló kàn. Ó jẹrà.

Ní Boulbi, ẹ̀yìn ìlú níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ni mo ti wá rí Marsilea, ewé mẹ́rin lórí ọ̀pá kan, ó tẹ́ rẹrẹ lórí ẹrẹ̀, ọ̀fẹ́. Mo bù ú wálé, n ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Eṣúṣú bá a wá. Ọmọ lámilámi, tí inú omi ni wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó níyẹ̀ẹ́, bá a wá, ó sì ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké tí dolo ò rí pa. Mo fojú fo ìyẹn. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn ewé mẹ́rin náà ń rà, èyí tó ń yọ tẹ̀lé wọn sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó ti ń kú nìyẹn. Mo hú gbogbo rẹ̀, mo dà á sínú garawa omi kan lẹ́yìn balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó kà á pé bí Marsilea bá wà lábẹ́ omi, ewé kọ̀ọ̀kan ló máa ń yọ. Àmì pé ibẹ̀ ti bá a lára mu ni.

Ó ti bo inú garawa báyìí, kò béèrè ṣúgà, kò béèrè fáànù, àwọn ẹja tó kù sì wà níbẹ̀. Àpótí gíláàsì ni mo gbé fún ìyá tó ń ta màsà lẹ́nu ọ̀nà wa, tòun ti iná funfun orí rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń to màsà sínú rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni àwọn oníbàárà ti ń rí i. Lánàá ló bi mí bóyá mo ní èyí tó gùn jù ú lọ.