Ẹrù Wúwo

Ọkàn ọ̀rẹ́ wa Ajó-bí-bàtá, ará Peckham, ń jó láìsí onílù. Dókítà ní kò burú, ó wọ inú ọkàn náà, ó sì fi iná jó ibi tí ijó ti ń wá. Ọ̀rẹ́ wa ti padà sílé báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bi í léèrè nígbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, ẹ ti kún pálọ̀ bámú, kúlà ìrẹsì lọ́wọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín sì ń bi: “Ojú ọgbẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká rí i.”

Ẹ máa wo àyà lọ! Abẹ́ itan ni wọ́n gbà wọlé. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti wáyà tín-ín-rín bọ̀ títí ó fi dé ọkàn. Ọgbẹ́ ọ̀hún kò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì láṣẹ àtiwò ó. Màmá ìjọ kan tó ti wọ awò ojú ní láti yọ ọ́ padà.

Dókítà ní kó má gbé ẹrù wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ajó-bí-bàtá ní ó di Kérésì. Rímóòtù tẹlifíṣàn ti di ẹrù wúwo. Ṣíbí nìkan ló ṣì ń fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá bí ẹran bá wà nínú rẹ̀. Tony Blair, olórí ìjọba Britain nígbà náà, gba irú ìtọ́jú ọkàn yìí ní Lọ́ńdọ̀n yìí kan náà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2004; kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti dé Sudan, ó ti dé Ethiopia. Ọ̀rẹ́ wa kò tíì dé ìdí síǹkì.

Aago ọwọ́ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn ló wá sọ di wòlíì. Wọ́n ti sọ fún un pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkàn ṣì lè máa ta kìjí, nítorí ojú iná kò tíì jinná. Etí tó gbọ́ “má gbẹ́rù” ketekete kò gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀yin alágbo náà, ẹ ṣeun, ẹ gbé ìgò yín délé: ó ṣì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má fewé yín da ọ̀rọ̀ rú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Arsenal gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ajó-bí-bàtá fò dìde, ó gbé àbúrò ìyàwó rẹ̀ sókè, ọkùnrin tó tó ọgọ́rùn-ún kílò! Ìyàwó kò wí nǹkan kan. Ó kàn na kànrìnkàn sí i.