Gígé Sàlẹ́ńsà, Oyè Tuntun Ìlú Wa

Ọkùnrin tó bá ra Hilux tí a kò gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó dé, ẹ bá mi bi í pé ta ló rà á fún. Kí èèyàn ná owó ilé sórí píkọ́ọ̀pù, kó wá máa yọ́ kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè ní àdúgbò, ìyẹn kò bójú mu rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin wa ní Ìfọ́n àti Ìlobùú fi ń kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ kí wọ́n tó rántí pé ọkọ̀ gbọdọ̀ ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ ó sì tún máa gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Wẹ́dà á wọ abẹ́ ọkọ̀, á gé agolo ńlá tó wà láàárín páìpù, á sì jó páìpù gbọọrọ kan rọ́pò rẹ̀. Agolo tó gé sọnù yẹn ni sàlẹ́ńsà. Iná tó ń bú nínú ẹ́ńjìnnì kì í sinmi, àwọn yàrá kéékèèké inú agolo ọ̀hún ló ń darí ìró náà kọlu ara rẹ̀ títí tí á fi rọ̀. Milton àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1897. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń ṣe làálàá kí mọ́tò lè dákẹ́. Wẹ́dà wa ń tú làálàá náà ká kí omi ẹ̀bà tó hó.

Bí ọkọ̀ bá wá jẹ́ tokunbo tí kátálísì ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn agolo kejì tó ń fọ èéfín mọ́, ọjà ti dé nìyẹn. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yí ọgbà mẹkáníìkì ká láti ra kátálísì, nítorí pé platinum àti palladium wà nínú rẹ̀, irú èyí tí òkè òkun ń fi owó gidi rà. Onímọ́tò á san owó iṣẹ́, wẹ́dà á tún rọra ta kátálísì. Kò sẹ́ni tó pàdánù nínú òwò yìí àfi ẹni tó bá ń mí.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn onímọ́tò yìí léèrè pé kí ló fà á. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè mọ̀," ó dá mi lóhùn, "ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ mí dáadáa ni." Ọkọ̀ tó ń mí! Ìyá àgbà tí ikọ́ ń dà láàmú ní ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Ìyẹn kò ní sàlẹ́ńsà tí a lè bá a gé.

Ẹ má sì rò pé òfin kò sí o. Òfin tí a ní pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ariwo, pé èyí tí ilé gbígbé lè gbà kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 lọ lójú ọ̀sán, àti 35 láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà ìdájí. Bí tọkọtaya bá ń sọ ọ̀rọ̀ owó iléèwé lábẹ́ẹ̀lẹ̀ lóru, díẹ̀ ló kù kí wọ́n rú òfin yẹn. Ní 2011, òmíràn tún jáde lórí èéfín ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù àti dísù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà ní tiwọn nínú ìwé ìtanràn: ₦5,000 ni fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń tú èéfín àtújù. Owó epo tó jó di èéfín náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1986 ni òfin ìlú Ọba ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún sàlẹ́ńsà ṣe kí ariwo rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọmọ wa tó ń gbé ní Peckham mọ òfin yìí dunjú. Ṣùgbọ́n bó bá wálé ọdún Iléyá, yóò ti gbàgbé rẹ̀ kó tó dé Ìkirè.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bí òfin wa ṣe mọ ojú èèyàn. Ẹ wo ọlọ́kadà tó gé sàlẹ́ńsà Bajaj rẹ̀. Aláṣọ ìjọba á dá a dúró, á yọ kọ́kọ́rọ́, á bá a ka òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí ọlọ́kadà bá ti ń bẹ̀bẹ̀ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni," Hilux mẹ́rin á tẹ̀ léra wọn kọjá, pẹ̀lú fèrè tó ń ké àti páìpù tó ń bú ramúramù. Aláṣọ ìjọba á fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà kan orí kí wọn. Kì í ṣe torí ariwo ni wọ́n ṣe mú ọlọ́kadà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni ńlá kankan tó jókòó sẹ́yìn ariwo tirẹ̀.

Àwa ará ìlú náà kò kúkú mọ́ nínú ẹ̀. Ta ló gbà pé bàbá ìyàwó lówó lọ́wọ́ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó mi àjà aládùúgbò rẹ̀ tìtì?

Níwọ̀n bí gígé kò ti ní dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ilé tó bá a mu. Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára àgbà láìkí i. Nítorí náà, bí o bá rí àwọn bàbá lábẹ́ igi, pa ẹ́ńjìnnì, bọ́ sílẹ̀, dọ̀bálẹ̀, kí o ní "Ẹ kú ìjókòó o," kí o padà sínú ọkọ̀, kí o wá dí wọn létí. Ní ìwájú mọ́ṣáláṣí, má tẹ iná mọ́tò nígbà tí jàmọ́ọ̀ bá foríkanlẹ̀, kí ẹnì kan má baà gbórí sókè pé lèmọ́ọ̀mù ló dún. Níbi òkú, bú bó ṣe wù ọ́, ẹni tó ni ọjọ́ náà kò ní fẹjọ́ sùn. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá sì lù, bọ́ sílẹ̀ kí o ti ọkọ̀ délé. Ṣebí agbára lo ní gígé náà ń fún ọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà ilẹ̀ ló mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wá ní Ìfọ́n àti Ìlobùú. Láti ìgbà náà, ìró tó bá jọ ti ìbọn ń já wa láyà. Bí epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì bá gbiná nínú páìpù gbígbóná, gbàà ló ń dún, bí ìbọn gan-an. Àwọn kan ń sanwó kí tiwọn lè máa dún bẹ́ẹ̀. Bó bá dún ní Bódìjà, wọ́n á ní ọmọ olówó ló ń lọ. Bó bá dún lọ́dọ̀ wa, ìyá oníṣu á ti gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tó bá yọjú padà ló máa mọ iye iṣu tó kù, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ni ẹsẹ̀ wa yá sí eré sísá.

Ìlú ta ni à ń dún mọ́ báyìí? Ìfọ́n ni, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà aláṣọ funfun. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé nígbà tí Òrìṣà ń lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, Èṣù dúró dè é lọ́nà, ó da epo sí i lára, ó da èédú, ó tún da àdín. Òrìṣà kò bá a jà. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n tún ká a mọ́ ẹṣin Ṣàngó, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀, títí Ọ̀yọ́ fi bàjẹ́ tí ọba fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ní Bahia, lọ́hùn-ún ní Brazil, Oxalufã ni wọ́n ń pè é, àwọn olùsìn rẹ̀ sì máa ń wọ funfun lọ pọn omi rẹ̀ láìfọhùn. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n fi Hilux pọn ọ́n. Nílé níbí, ẹ wo aláṣọ funfun tó ń bọ̀ láti Jímọ̀ tó dúró láti sọdá títì. Èṣù kò ní láti ru epo àti èédú mọ́. Páìpù kan lábẹ́ bọ́ńpà ti gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ìmọ̀ràn mi fún ìjọba rọrùn. Òfin gíláàsì dúdú wà láti 1991, ọlọ́pàá sì tún gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ dìde ní 2025, pé ẹni tó bá fẹ́ fi ojú pamọ́ nínú ọkọ̀, kó wá gbàwé. Ó dára. Ọkọ̀ kan náà tó ní gíláàsì dúdú kí a má baà rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló tún gé sàlẹ́ńsà kí a lè mọ̀ pé ó ń kọjá. Kí wọ́n tẹ ìwé àṣẹ ariwo náà fún un, kó gba méjèèjì pọ̀. Kí ọlọ́kadà náà lè gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tẹ fọ́ọ̀mù ọ̀hún, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ níbi tí a ó ti kọ orúkọ ọ̀gá tó wà lẹ́yìn wa, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kà lójú títì.