Ìwé Tí Baba Ìbejì Lẹ̀ Mọ́ Ara Firíìjì

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn firíìjì ilé Baba Ìbejì ní Apẹ̀tẹ̀, n'Íbàdàn. Bíró pupa ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀: "ÀWỌN OHUN TÍ A KÒ NÍ RÀ MỌ́ NÍNÚ ILÉ YÌÍ." Pampers ni nọ́ńbà kìíní. Omo ìfọṣọ ló tẹ̀ lé e. Tísù, mílíìkì alágolo, ṣúgà, páàdì, gáàsì, ẹyin, ẹran, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé nọ́ńbà kẹrìnlá. Nísàlẹ̀ pátápátá, bàálé ilé buwọ́ lù ú, ó sì kọ déètì sí i, àfi bíi gómìnà tó fọwọ́ sí òfin tuntun.

Baba Ìbejì kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo, Abẹ́òkúta tàbí Agége mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn mìíràn sì máa ń rí i nínú dígí láràárọ̀. Owó ló ń ṣọ́ ná, kì í ṣe ahun. Ó máa ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, pàápàá nígbà tí kò bá fẹ́ mú owó sílẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ìdí ìwé kíkọ kò pamọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun dúró ní Abuja, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà epo tí kò tó ₦200 lọ́sẹ̀ yẹn ti ń sún mọ́ ₦500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ju ₦1,000 lọ. Dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 gòkè ju ₦1,500 lọ láàárín ọdún kan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ìlú sọ pé owó oúnjẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí ti ọdún tó ṣáájú. Ìjọba ṣàánú, wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000. Inú òṣìṣẹ́ dùn títí tó fi dé ọjà Bódìjà, níbi tí àpò ìrẹsì kan ti ń wo ₦70,000 náà láti òkè délẹ̀, bíi géńdé tí ọmọ ọdún mẹ́ta pè níjà.

Firíìjì tí ìwé náà wà lára rẹ̀ gan-an kì í tutù mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di ₦225 fún yúníìtì kan, wọ́n ní wákàtí 20 ni iná yóò máa wà fún wọn lójúmọ́. Kò ju ìdámẹ́ta iye yẹn lọ tẹ́lẹ̀. Baba Ìbejì ò dúró ka wákàtí. Ó fa wáyà firíìjì yọ, ó sì kó ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, rìsíìtì owó ilé àti Bíbélì ńlá kan sínú rẹ̀. Oṣù yẹn náà ni mínísítà tó ń bójú tó iná, Adébáyọ̀ Adélabù, ọmọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń fi fírísà sílẹ̀ lórí iná fún ọjọ́ gbọọrọ nígbà tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì. Ìlú figbe ta. Àmọ́ ní Apẹ̀tẹ̀, Baba Ìbejì mi orí, ó ní mínísítà sòótọ́. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í dì.

Pé Pampers ló ṣáájú kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìbejì pọ̀ sí jù lágbàáyé. Igbó-Ọrà ń ṣe ọdún fún wọn, èrò sì máa ń ti òkè òkun wá wò ó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá àwọn baba wọn ṣe ìṣirò ìlédìí. Táíwò ń lo márùn-ún lójúmọ́, Kẹ́hìndé ń lo márùn-ún. Ó di ọ̀ọ́dúnrún lóṣù. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦150, ₦45,000 nìyẹn. Nínú ₦70,000! Baba Ìbejì ní ìdí tó fi bínú, àwọn ọmọ náà sì ní ìdí tiwọn, àmọ́ ìdí tiwọn ló ń gbówó.

Ó ní kí wọ́n padà sí nápíkìn aláṣọ funfun, irú èyí tí ìyá òun fi tọ́ òun. Ọgbọ́n ni, kò sí àríwísí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọgbọ́n náà díẹ̀, bí òórùn ò bá lé yín.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ìyá Ìbejì ti lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga pẹ̀lú báàfù méjì. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣan ohun tó wà nínú nápíkìn dànù, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń ha èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ dúdú ló fi ń fọ̀ ọ́, nítorí pé Omo ti di èèwọ̀. Kí òórùn ìtọ̀ tó lè lọ, àfi kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Èédú ni yóò fi gbé omi náà kaná, nítorí pé gáàsì ni nọ́ńbà keje. Ó fún wọn, ó sá wọn. Inú oṣù Keje ni a wà, òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, ó kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Áyọ́ọ̀nù ni ì bá fi gbẹ wọ́n, àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà kọkànlá. Bí àwọn nápíkìn ṣe gba orí àga, orí fáànù àti orí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Pálọ̀ wá dà bí òpópónà tí wọ́n fẹ́ gbé ààrẹ gbà kọjá, àsíá funfun lọ́tùn-ún, àsíá funfun lósì.

Nínú ìwé ìṣirò Baba Ìbejì, ₦45,000 ti wọlé padà. Kò sí ibi tó kọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ oorun rẹ̀ síbẹ̀. Àṣírí irú ìwé báyìí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ní àwọn ò rà mọ́, wọ́n ń rà á, apá ẹlòmíràn ni wọ́n kàn fi ń san án.

Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé bí Baba Ìbejì ṣe ń kọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ni àwọn náà ń kọ̀ ọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Unilever kéde ní Nàìjíríà pé òun ò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Procter & Gamble tó ni Pampers, Always àti Ariel, tó sì ní ilé-iṣẹ́ n'Íbàdàn níbí, ní òun ò ní ṣe nǹkan kan mọ́ ní Nàìjíríà, òkè òkun lòun yóò ti máa kó o wá. Kimberly-Clark tó ń ṣe Huggies ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun n'Íkòròdú lọ́dún 2022. Ọdún 2024 ló palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó wá dà bíi tọkọtaya tí wọ́n jọ gba kóòtù lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, tí kálukú ń sọ fún ẹbí pé òun lòun kọ́kọ́ lé èkejì.

Ẹ̀rín máa ń dín kù díẹ̀ tí ènìyàn bá ka ìwé náà dé nọ́ńbà kẹfà, ìyẹn páàdì. Òfin ìnáwó ọdún 2019 yọ owó orí ọjà kúrò lórí páàdì tí wọ́n bá ṣe nílé. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é nílé fi kó lọ. Àkọ́bí Baba Ìbejì, tó wà ní JSS 3, kò mọ nǹkan kan nípa òfin ìnáwó. Ohun tó mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ ní àkísà ni ìyá òun lò láyé rẹ̀, kò sì kú. Kò sẹ́ni tó bi bàbá bóyá ìyá náà gbádùn rẹ̀. Lóṣooṣù báyìí, orí máa ń fọ́ ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sì ní lè lọ sílé-ìwé. Orí fífọ́ yìí mọ déètì.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀, ojú gbogbo wa ló ṣe. Lọ́dún 2024 tí kòkòrò tí àwọn èèyàn ń pè ní "Ẹ̀bólà tòmátò" tún wọ oko àwọn ará Òkè Ọya, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúkúmbà àti kárọ́ọ̀tì lọ ata. Ọbẹ̀ pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dára, sàláàdì gbígbóná ni. Ẹran di pọ̀nmọ́. Pọ̀nmọ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí awọ ní Zaria sọ lọ́dún 2022 pé àwọn yóò wá òfin tí yóò fòpin sí jíjẹ rẹ̀, torí pé kò ní èròjà kankan nínú, ó sì ń pa òwò awọ lára! Ara ta ìlú Èkó débi tí ẹni kan yóò rò pé wọ́n fẹ́ ta afárá Third Mainland. Wọn ò ṣe òfin náà, kò sì sí ìdí láti ṣe é mọ́, nítorí pé owó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń lé ọ̀pọ̀ jìnnà sí i. Pọ̀nmọ́ ti wọ àárín àwọn ẹran tí wọ́n ń pín fún àlejò.

Kí a má baà máa bu bàálé ilé jù, àwọn ohun kan wà nínú ìwé náà tó yẹ kó ti kúrò nílé láti ọjọ́ pípẹ́. Òórùn dídùn tí wọ́n ń fọ́n sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Fèrèsé ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Tísù wà níbẹ̀. Bùtà ti wà nílé àwọn àlùfáà kí tísù tó dé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà pé bébà mọ́ ju omi lọ. Ọṣẹ ìfọyín wà níbẹ̀. Orín àtà ń ta lẹ́nu, àmọ́ láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ti yẹ orín wa wò, tí wọ́n sì rí i pé ó ń ṣẹ́gun kòkòrò ẹnu. Wọ́n mú èrò tí ìyá àgbà ti mọ̀, wọ́n fi gba oyè.

Àwọn àgbàlagbà tó ka ìwé náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rántí ọdún 1984, ayé Bùhárí àti Ìdíàgbọn, tí wọ́n ń tò láti ìdájí nítorí ẹsẹnkó: mílíìkì, ṣúgà, Omo, ìrẹsì. Nígbà yẹn, owó wà lọ́wọ́, ọjà ni kò sí. Lónìí, ọjà kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́, ó ń wo ojú ẹni.

Ẹni tó bá ní ojú àfiwòye yóò ṣàkíyèsí ohun tí kò sí nínú ìwé náà. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀. DSTV kò sí níbẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù. Ọtí inú ọ̀rá kékeré kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, kí ariwo tó sọ, kí wọ́n sì tó sún un síwájú.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú ló ti kọ́ ọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n rí bílíọ̀nù náírà márùn-ún fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ nínú àfikún ìṣúná. Nígbà tí ìlú pariwo, ilé aṣòfin gbé owó náà sórí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, jíìpù olówó ńlá sì ń wọlé fún àwọn aṣòfin lákòókò kan náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ààrẹ dín àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ sókè òkun kù láti 50 sí 20. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, bàálù Airbus A330 dé fún un. Ẹni tí èrò ọkọ̀ rẹ̀ dín kù, ó yẹ kó ní àyè nínà ẹsẹ̀.

Ìwé náà ti lo oṣù mẹ́rin lára firíìjì kí àǹtí Ìyá Ìbejì tó kú ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Ìbejì lọ sìnkú, láti Jímọ̀ sí Sọ́ńdè, àkọ́bí sì bá a lọ. Wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu àwọn ìbejì. Bàbá wọn ní kí ó máa lọ, kò sí wàhálà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀, nápíkìn mẹ́fà ti wà nínú báàfù. Omi inú garawa ti tán. Èédú kọ̀, kò ràn. Kẹ́hìndé ti ṣe é sórí àga, Táíwò ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de ipò tirẹ̀. Baba Ìbejì gbé ọ̀kan pọ̀n, ó gbé èkejì sápá, ó yọ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣèyí létí géètì.

"Ẹ káalẹ́ o, Baba Ìbejì. Kí ni kí n fún yín?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ fún mi ní Pampers mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, inú láílọ́nù dúdú ni kí ẹ bá mi kó o sí."

"Láílọ́nù dúdú kẹ̀? Ó ti wọ́n jù, sà. Mi ò rà á mọ́."