A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ
Nígbà tí àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà kéde ènìyàn 9,013,534 fún Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2006, tí ìjọba Èkó Àkéte sì fárígá pé àwọn lé ní mílíọ̀nù 17, kò ya àwa ará Ìfọ̀nyìn, tí ilẹ̀ wa wà lẹ́nu ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́nu. Bàbá àgbà kan lágboolé wa, tí ó mọ iye ewúrẹ́ rẹ̀ títí dórí èyí tí a kò tíì bí, sọ fún akọ̀wé ìkànìyàn pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọ rẹ̀ oníṣòwò ńkọ́? Bẹ̀nẹ̀ kà á ní 2002, Nàìjíríà kà á ní 2006, Bẹ̀nẹ̀ tún kà á ní 2013. Síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní òun kò tíì rí i kà nílé.