Ìjàpá àti Kọ̀ǹpútà Erin ní Randall Street

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin.

Ní ìlú Monrovia, lórílẹ̀-èdè Làìbéríà, òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Randall Street. Ṣọ́ọ̀bù tí ń ta fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nítòsí Carey Street ni Ìjàpá gbé tábìlì sí, ó kọ ọ́ sára pákó pé: “Mo ń sọ kọ̀ǹpútà arúgbó di ọmọdé.” Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni o. Ta ni ìbá gbà á?

Lọ́jọ́ kan, Erin gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, èyí tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì kọ̀, ó ní òun ò lè gbé inú ẹ̀rọ tó gbó tó bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Linux loògùn rẹ̀. Ẹ san owó dátà, ẹ san owó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ wá fi díẹ̀ kún un fún ọmọ yín.” Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni Debian, irú Linux tí òun fẹ́ gbé sí i.

Nínú àwọn desktop, ìyẹn ojú tí à ń rí lórí Linux, GNOME ló kọ́kọ́ yọjú, èyí tí àwọn ọmọ Mexico méjì bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ìjàpá ní àmì ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Erin ní, “Ẹsẹ̀ ta ni? Ta ló tẹ kọ̀ǹpútà mi mọ́lẹ̀?” Ó wá bọ́tìnnì Start, kò rí i. Ó wá ìlà kékeré tí a fi ń rẹ fèrèsé sílẹ̀, GNOME ti yọ ọ́ kúrò láti 2011. Ni Erin bá fariga.

“Ẹ má bínú, Bàbá. KDE lẹ ń fẹ́. Ará Jámánì ló dá a sílẹ̀ ní 1996.” Bí dátà ṣe ń wọlé bí ìgbín, Ìjàpá fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Erin, Erin, ọmọ ńlá,
Tẹ̀ ẹ́ wò!
Ojú tuntun ń bọ̀ lọ́nà,
Tẹ̀ ẹ́ wò!
Dátà àná ti tán nílẹ̀,
Tẹ̀ ẹ́ wò!
San díẹ̀ sí i kó lè yọ,
Tẹ̀ ẹ́ wò!

Erin bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ilẹ̀ Randall Street ń mì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró wòran, Erin ń jó, ó ń sanwó.

KDE dé, ṣùgbọ́n GNOME kò lọ. Ibi àtúnṣe di méjì, àpótí fáìlì di méjì. Ìjàpá kó Cinnamon dé, ó tún kó MATE dé, orin kan náà, owó mìíràn. Kò sí ohun tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn o. Linux lara, desktop laṣọ. Ìjàpá ló ń wọ agbádá mẹ́rin fún ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, kí láptọ́ọ̀pù tó ṣí, Erin á ti sùn, á ti hanrun.

Ọjọ́ tí Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja gbígbẹ ní Waterside ni Eku, ọmọṣẹ́ rẹ̀, rọra pe Erin. “Bàbá, kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín, ẹ wo igun yẹn.” Àmì kékeré kan wà níbẹ̀. Erin tẹ̀ ẹ́, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sílẹ̀. “Ibẹ̀ lẹ ti ń pààrọ̀ wọn, kò sówó níbẹ̀. À bá tilẹ̀ ti dán wọn wò lórí fìláàṣì láìfọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ yín. Desktop mìíràn tó ń jẹ́ Xfce ló yẹ ẹ̀rọ yìí, kì í jẹ memory púpọ̀. Ẹ má ní ẹbí mi ni mò ń polówó: eku ni wọ́n yà sára lógò rẹ̀.”

Erin wọ́ Ìjàpá lọ síwájú Kìnnìún. Ìjàpá ní, “Kábíyèsí, n kò ta Linux fún un. Orin ni mo tà.”

Kìnnìún pe àwọn oníkẹ̀kẹ́ jẹ́rìí. Ó ní kí Ìjàpá dá ìdajì owó padà fún Erin, kí ó sì mú ìdajì tó kù gẹ́gẹ́ bí owó orin, nítorí gbogbo Randall Street ló rí i pé Erin jó.