Nígbà Tí Èèkù Gbẹ́ Ọ̀bẹ

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí gbà pé ìránṣẹ́ ọ̀bẹ ni èèkù. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìránṣẹ́ á gun orí àga, tí ọ̀gá á sì máa bá a gbé báàgì.

Ọjọ́ náà ti dé. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn kan wà tí kò sí fàájì tó dùn mọ́ wọn ju kí wọ́n máa ṣa ọ̀bẹ jọ lọ: ọ̀bẹ kékeré tí ń ká, tí ẹnu rẹ̀ ń wọ inú èèkù bí alábahun ṣe ń fa orí wọ karahun. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀ ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Solingen ní Jámánì. Ọ̀bẹ náà kì í bẹ ọsàn, kì í gé iṣu. Inú àpótí ló ń sùn. Bí ẹni tó ni ín bá pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í bi ara wọn bóyá ó mú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: "Ṣé ìkarahun gidi ni èèkù rẹ̀, àbí èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀?"

Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Ara ìkarahun òkun tó nípọn, tí inú rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè, ni wọ́n ti ń fi ayùn rẹ́ ti gidi. Wọ́n á máa da omi sí i bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìkarahun kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà èyí tó gùn dáadáa ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Ní ti èkejì, wọ́n á rẹ́ ìkarahun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù líle dè é. Ẹni tó bá yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò á rí ìpele lórí ìpele. Ìkarahun ṣì ni. Kódà, bí méjèèjì bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ti gidi ló máa ń tètè là.

Kí ará Mówé tó fi òyìnbó rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná rẹ̀.

Láti Ìbàfò dé Mówé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn tí owó ilẹ̀ Èkó lé jáde ń kọ́lé, káfíńtà sì ń jẹun. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni pákó kọ́bọ́ọ̀dù náà. Fọ́máíkà aláwọ̀ igi ni wọ́n lẹ̀ bo ojú rẹ̀. Herbert Faber àti Daniel O'Conor ló ṣe fọ́máíkà jáde ní 1912. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò fi nǹkan kan pamọ́: ohun tí a fi rọ́pò òkúta máíkà. Fọ́máíkà jẹ́wọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ń sọ fún àlejò pé, "Máhọ́gánì gidi nìyẹn o." Hínjì ti yẹ̀, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn náà á gbé e dání, ojú rẹ̀ ṣáà ń dán.

Jíjẹ́ ojúlówó gan-an kò sì gba ẹnikẹ́ni là. Ìkarahun ni owó ẹyọ. 20,000 rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ wẹ́wẹ́ láti Maldives ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Láàárín 1840 sí 1850, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ ńláńlá Zanzibar, tí wọ́n rà ní ọ̀pọ̀, wá sí etí òkun wa. Òkun ló bí wọn, kò sí gọ́ọ̀mù lára wọn. Síbẹ̀ wọ́n pọ̀ títí iye owó ẹyọ fi já wálẹ̀, ẹni tó kó tirẹ̀ sí àjà sì di ẹni tó ní ẹrù tí kò ní owó.

Ọ̀bẹ alápatà ní ọjà Ìfọ̀ kò mọ gbogbo èyí. Èèkù rẹ̀ ti là, rọ́bà inú táyà ni wọ́n fi wé e. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀bẹ eléèkù ìkarahun dé ìsọ̀ rẹ̀, alápatà á gbà á, á yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó rẹwà o." Lẹ́yìn náà, á dá a padà, á sì na ọwọ́ sí ti rọ́bà, torí oníbàárà tó fẹ́ ra ṣàkì ti ń kánjú.